Bí ekurá bá tán lókun, ta ni yóò ka aràn inú rẹ̀?

Lópin ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES, ìyẹn àdéhùn tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ẹranko àti ewéko tó ti ń ṣọ̀wọ́n láti ìlú dé ìlú, pàdé ní Samarkand lórílẹ̀-èdè Uzbekistan. Ọ̀rọ̀ ẹja ekurá, èyí tí òyìnbó ń pè ní shark, wà lára ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Wọ́n gbé whale shark, oceanic whitetip àti àwọn ẹja manta sínú ìwé kìn-ín-ní àdéhùn náà, ibi tí títà wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ti di èèwọ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ní Panama, gbogbo ìdílé requiem shark, tí ọ̀pọ̀ lẹ́bẹ́ ekurá tó ń dé ọjà ti ń wá, ti wọ ìwé kejì. Ẹni tó bá fẹ́ ta èyí tó wà nínú ìwé yẹn sókè òkun, àfi kó gba ìwé àṣẹ.

Ohun tó fa gbogbo ìpàdé yìí ò fara sin. Àyẹ̀wò ńlá kan tó jáde lọ́dún 2021 wo irú 1,199 nínú ekurá àti àwọn ìbátan wọn, ó sì rí i pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí ìparun ń lé bọ̀. Ray ló pọ̀ jù nínú àwọn ìbátan ọ̀hún, ẹja tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ìrù rẹ̀ gùn, tí àwọn kan nínú wọn sì ní oró nídìí ìrù. Àpajù àwọn apẹja ló kó wọn sí ewu. Lọ́dún yẹn kan náà, àyẹ̀wò mìíràn fi hàn pé iye ekurá àti ray tó ń gbé agbami òkun ti fi ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin 1970 sí 2018.

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kì í dé orí afẹ́fẹ́. Ekurá kì í dá gbé ara rẹ̀. Aràn wà nínú ìfun rẹ̀, kòkòrò omi lẹ̀ mọ́ ọn lára, òmíràn fara pamọ́ síbi tó fi ń mí. Kódà èyí tó ń gbé inú ojú wà: ekurá Greenland, tó ń wẹ̀ nínú omi títutù ìhà àríwá ayé, sábà máa ń ní kòkòrò kan tó so mọ́ ẹyinjú rẹ̀, tó ń ba ojú náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹja náà á sì máa bá ayé rẹ̀ lọ. Àfòmọ́ là ń pe irú wọn. Púpọ̀ nínú wọn ò ní ibòmíràn tí wọ́n lè gbé láyé yìí. Ọjọ́ tí ekurá kan bá tán, wọ́n bá a lọ nìyẹn, kò sì sí àdéhùn kankan tó kọ orúkọ aràn inú ekurá sílẹ̀.

Kéèyàn tó lè sọ pé nǹkan kan ń parun, àfi kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà. Ìwọ̀nba èèyàn kéréje ni iṣẹ́ kíkà yẹn já lé léjìká.

Lára wọn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde ni Janine Caira, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ló ti wà níbẹ̀, aràn inú ekurá àti ray ló sì fi ayé rẹ̀ wá. Kirsten Jensen, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan, ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kansas, àwọn méjèèjì sì jọ ń ṣe é títí di òní. Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń yẹ inú ray Òkun Dúdú wò rí aràn kan tí ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Cairaeanthus, láti bu ọlá fún ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Nídìí iṣẹ́ yìí, oyè ńlá nìyẹn. Wọ́n á fi orúkọ rẹ sọ aràn, wàá sì dúpẹ́.

Aràn tí wọ́n ń wí yìí ni aràn pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní tapeworm. Kò lẹ́nu, kò ní ìfun. Awọ ara rẹ̀ ló fi ń fa oúnjẹ tí ekurá ti dà. Ara rẹ̀ pín sí oríkèé-oríkèé, oríkèé kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe akọ, tó tún ń ṣe abo. Ibi tí àrà wà ni orí. Àwọn kan ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu méjì-méjì, àwọn kan ní ohun tí wọ́n fi ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ara ìfun, àwọn kan sì ní apá mẹ́rin tí ẹ̀gún bò, tí wọ́n lè nà jáde kí wọ́n sì fà wọlé bó ṣe wù wọ́n. Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló gùn gbọọrọ bí èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá nílé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ aràn inú ray ni kò tó èékánná ìka, tó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá máa rò pé ìdọ̀tí oúnjẹ ni.

Èèyàn lè rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa súni. Bóyá. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 1992 ní Montauk, nípìnlẹ̀ New York. Wọ́n gbé ekurá mako kan gúnlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 395. Nígbà tí wọ́n la ọkàn rẹ̀, ẹja mìíràn méjì ni wọ́n bá nínú ọkàn náà: ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí bí ejò, irú èyí tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun, tó máa ń jẹ òkú ẹja. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn ju ogún sẹ̀ǹtímítà lọ. Ikùn wọn kún fún ẹ̀jẹ̀. Wọn ò ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ikú ekurá náà, nítorí ara ọkàn ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti ní àpá ohun tí wọ́n ṣe fún un. Caira àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 1997. Títí di ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ní in lọ́kàn pé irú ẹja bẹ́ẹ̀ lè wọ ọkàn ẹja ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ máa mu ẹ̀jẹ̀. Ká ní wọ́n gé ẹran náà tà láìla ọkàn, ta ni ì bá mọ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fojú inú wo onímọ̀ òkun gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ funfun ńlá, tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, tí kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Ti àwọn aláràn ò rí bẹ́ẹ̀. Etíkun ni ọ́fíìsì wọn, láàárọ̀ kùtù tí àwọn apẹja ń gúnlẹ̀, láàrin àwọn tó ń ná ẹja. Púpọ̀ ìgbà, àwọn kọ́ ni wọ́n ń pa ekurá. Èyí tí apẹja ti pa láti tà ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn la inú rẹ̀ kó tó di ti oníbàárà. Ìfun kì í sábà jẹ́ ọjà, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ náà le.

Fọ́tò ló máa ń ṣáájú: ẹ̀yìn, ikùn, ẹnu, ìrù. Wọ́n á wọn gígùn ẹja náà, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á gé ẹran ara rẹ̀ bíńtín sínú spírítì fún àyẹ̀wò DNA. Ìgbà náà ni ọ̀bẹ á tó kan ikùn. Ìfun ekurá ò gùn, kò sì ká bíi ti ewúrẹ́. Ó kúrú, ó ki, awọ kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń yí po láti òkè délẹ̀ kí oúnjẹ má baà tètè kọjá. Àárín àwọn ìyípo wọ̀nyẹn ni aràn ń gbé, wọ́n sì ní ibùgbé: irú kan á fẹ́ràn ìyípo iwájú, irú mìíràn á wà lẹ́yìn, wọn ò ní gba àyè ara wọn. Wọ́n á fi ọ̀bẹ la ìfun náà lóòró, wọ́n á ṣa díẹ̀ nínú aràn sínú spírítì nítorí DNA, ìyókù pẹ̀lú ìfun fúnra rẹ̀ á wọ inú formalin tí wọ́n fi omi òkun lú, wọ́n á sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kí àwọn tó há sáàárín ìyípo lè tú dànù. Òórùn rẹ̀ ò ṣeé máa ròyìn.

Iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nílé, wọ́n á rẹ aràn náà láró kí ẹ̀yà inú rẹ̀ lè hàn, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Orí rẹ̀ á tún lọ sábẹ́ ẹ̀rọ alágbára tó ń fi iná mànàmáná wòran, èyí tó lè fi irun ara aràn hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ka ìwọ̀, wọ́n á wọn ọ́n, wọ́n á yà á ní àwòrán, wọ́n á fi wé gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti àtijọ́, títí kan àwọn ìwé Jámánì àti Faransé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Bó bá dájú pé kò sí irú rẹ̀, wọ́n á fún un lórúkọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á sì fi gíláàsì yẹn pa mọ́ sí mùsíọ́ọ̀mù bíi Smithsonian ní Washington, kí ẹni tó bá ń jiyàn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún lè lọ fojú ara rẹ̀ wò ó. Aràn kan ṣoṣo lè gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí ọ̀rọ̀ gan-an. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Aràn inú ekurá ò bá òwe yẹn mu. Òun kì í bá igi gbogbo tan, igi kan ṣoṣo ló mọ̀. Nínú ọ̀wọ́ aràn tí wọ́n ń pè ní Acanthobothrium nìkan, irú tó wà níbẹ̀ tó bíi 200, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì tíì sẹ́ni tó bá a nínú ẹja mìíràn yàtọ̀ sí irú kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ray méjì lè jọ máa wẹ̀ nínú omi kan náà, kí wọ́n jọ máa jẹ edé kan náà, síbẹ̀ kí aràn inú ọ̀kan má wọ inú ìkejì. Ray kan náà sì lè ní irú aràn mélòó kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí irú ray kan bá parun, kì í ṣe ẹyọ kan ló lọ.

Gbogbo wọn kọ́ ló ní agídí tó báyìí o. Àwọn ọlọ́wọ́ ẹlẹ́gùn-ún mẹ́rin yẹn, Trypanorhyncha lorúkọ wọn, kì í ṣàṣà jù, irú kan nínú wọn lè gba ekurá oríṣiríṣi lálejò. Àwọn yìí náà ni èèyàn máa ń ṣalábàápàdé jù láìmọ̀, torí pé ọmọ wọn máa ń gbé inú ẹran ẹja tí à ń jẹ. Ẹyin aràn á bá ìgbẹ́ ekurá jáde sínú omi, kòkòrò omi kékeré á gbé e mì, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, títí yóò fi dé ẹnu ekurá, ibẹ̀ ni aràn tó ń di àgbà. Bí ẹnì kan bá la ẹja lọ́jà tó bá ohun funfun roboto nínú ẹran rẹ̀, ó lè jẹ́ ọmọ aràn bẹ́ẹ̀ tó ń dúró de ekurá tí kò ní dé mọ́. Ìrísí rẹ̀ kò dára, ó sì máa ń ba ọjà jẹ́ fún oníṣòwò, àmọ́ inú èèyàn kọ́ ni aràn yìí ti ń di àgbà. Ẹ ṣáà se ẹja yín jinná.

Ní ti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aràn inú ekurá, kò sẹ́ni tó tíì lè tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A mọ ìyá nínú ekurá, a kì í mọ ibi tí ọmọ ti gbé èwe rẹ̀.

Láàrin 2008 sí 2017, Caira àti Jensen kó àwọn onímọ̀ aràn jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fún iṣẹ́ kan tí àjọ NSF ti ìjọba Amẹ́ríkà náwó sí: ká wo aràn pẹlẹbẹ inú gbogbo ẹranko eléegun ẹ̀yìn káàkiri ayé, ẹyẹ ni o, ejò ni o, ẹja ni o. Nígbà tí wọ́n parí, irú tí ayé mọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Àwọn onímọ̀ pín wọn sí agboolé ńlá 19, mẹ́sàn-án nínú mọ́kàndínlógún yẹn ló sì wà nínú ekurá àti ray. Ìyẹn yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ekurá àti ray kò ju bíi 1,200 irú lọ, ẹyẹ nìkan sì lé ní 10,000. Síbẹ̀ inú ìfun ẹja díẹ̀ yìí ni oríṣiríṣi aràn fi ṣelé jù. Ìṣirò ọdún 2014 ka irú 977 nínú ekurá àti ray, iye náà sì ti kọjá 1,000 báyìí. Ọ̀pọ̀ irú ekurá sì wà tí kò tíì sẹ́ni tó la inú ẹyọ kan wò nítorí aràn rí.

Iṣẹ́ yìí ní wàhálà kan tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò rò tẹ́lẹ̀. Bí aràn kan bá jẹ́ ti irú ray kan ṣoṣo, ó di dandan kéèyàn mọ ray tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dájú. Ray kì í sì í ṣeé mọ̀ bọ̀rọ̀. Àwọ̀ wọn jọra, àwọn ìwé àtijọ́ sì máa ń kó mẹ́ta-mẹ́rin pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ohun tó mú kí wọ́n máa gé ẹran sínú spírítì nìyẹn. Gavin Naylor, onímọ̀ DNA ekurá tó wà ní Yunifásítì Florida báyìí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Caira wà lára wọn, yẹ DNA ẹja tó lé ní 4,200 wò, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2012. Irú 574 ni wọ́n bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tíì ní orúkọ rárá. Àwọn tó ń wá aràn ló kó èyí tó pọ̀ nínú ẹran wọ̀nyẹn jọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ka aràn fi ń ran ẹni tó ń ka ekurá lọ́wọ́: bí ray tí wọ́n ń pè ní ọ̀kan náà bá ní aràn ọ̀tọ̀ níhìn-ín, tó tún ní ọ̀tọ̀ lọ́hùn-ún, olùwádìí á fura pé ray méjì ló wà níwájú òun.

Erékùṣù Borneo ni wọ́n ti rí èyí kedere jù. Caira àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ léraléra ní àwọn ọdún 2000, lápá ti Malaysia àti ti Indonesia, láti ọjà ẹja dé ọjà ẹja. Aràn ni wọ́n bá lọ. Nígbà tó fi máa di 2010, wọ́n ti bá àwọn onímọ̀ ẹja Ọsirélíà kọ odidi ìwé lórí ekurá àti ray Borneo, torí pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ tí àwọn fúnra wọn lè lò.

Etíkun tiwa ńkọ́? Àwọn ẹgbẹ́ Caira ti ṣiṣẹ́ ní Senegal, àwọn aràn tí wọ́n kó níbẹ̀ sì wà nínú àkójọ ìmọ̀ yìí. Láti Senegal bọ̀ wá sí Benin àti Nàìjíríà, ìwọ̀nba ni. Ó sì ń kán wa lójú ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Atakpamé, ẹ yọ owó CFA kan nínú àpò yín, kí ẹ wo àmì báńkì àgbà BCEAO tó wà lára rẹ̀. Ẹja aláyùn ni, sawfish, ìbátan ray tí ẹnu rẹ̀ nà jáde gbọọrọ tí eyín sì gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n yá àwòrán rẹ̀ lára ohun tí àwọn Akan fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́. Ẹja náà fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní gbogbo etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹnu rẹ̀ tó rí bí ayùn yẹn ló ń kó bá a, nítorí gbogbo àwọ̀n tó bá ti fara kàn ló máa ń kọ́ ọ. Irú márùn-ún ló kù láyé, gbogbo wọn ló wà nínú ewu, ìwé kìn-ín-ní CITES sì ti gba gbogbo wọn láti 2013. Ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ wedgefish náà ò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àjọ IUCN, tó ń kọ orúkọ ohun abẹ̀mí tó wà nínú ewu sínú ìwé pupa rẹ̀, yẹ òun àti ìdílé giant guitarfish wò lọ́dún 2019, irú 15 nínú 16 ló wà ní bèbè ìparun pátápátá. Ọ̀kan nínú wọn, Rhynchobatus luebberti, etíkun tiwa ni ilé rẹ̀, láti Mauritania dé Angola.

Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ fún ọ̀wọ́ aràn tuntun kan lórúkọ, Floriparicapitus. Inú ẹja aláyùn àti guitarfish ni wọ́n ti bá a, ní àríwá Ọsirélíà àti Borneo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ráyè rí i torí pé ẹja aláyùn ṣì wà ní àríwá Ọsirélíà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ aràn tó wà nínú ẹja aláyùn ti etíkun tiwa, èwo ni yóò là nínú rẹ̀ báyìí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ lọ́kàn pé, aràn kẹ̀? Ẹ jẹ́ ó parun. Èmi ò ní parọ́ fún yín pé aràn inú ray máa wo ibà sàn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó mọ̀. Lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí tó yẹ ekurá kan wò ní Persian Gulf rí i pé cadmium àti òjé tó wà nínú ara aràn inú rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà ju èyí tó wà nínú ẹran ekurá náà lọ. Májèlé tí ẹ̀rọ lè má tíì rí nínú omi, aràn lè ti tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. Àti pé bí aràn kan ṣe ń kọjá láti kòkòrò omi dé ẹja, láti ẹja dé ekurá, wíwà rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé gbogbo wọn ṣì wà, tí wọ́n sì ń jẹ ara wọn bó ṣe yẹ. Bí ọ̀kan bá jáde láàrin wọn, aràn á kọ́kọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Chelsea Wood, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Washington, fi irú ọgbọ́n yìí wo ẹja Puget Sound, apá òkun kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, tí mùsíọ́ọ̀mù ti tọ́jú sínú ìgò láti 1880 títí di 2019. Ẹja tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ là fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2023, ni pé àwọn àfòmọ́ tó nílò ẹranko mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dàgbà ń dín kù ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Gbígbóná omi ló bá ìdínkù náà mu jù. Kì í ṣe ẹja tó ní àfòmọ́ ló ń parun níbẹ̀. Àfòmọ́ ló ń parun nínú ẹja tó ṣì wà.

Ọjọ́ orí wọn náà tó ohun tí à ń bọ̀wọ̀ fún. Ní Rio Grande do Sul, gúúsù Brazil, wọ́n rí ìgbẹ́ ekurá kan tó ti di òkúta, tó ti pé bíi mílíọ̀nù 270 ọdún. Lọ́dún 2013 ni wọ́n kéde pé ẹyin aràn pẹlẹbẹ 93 wà nínú rẹ̀, ọmọ aràn sì ti ń yọ nínú ọ̀kan lára wọn. Dáínósọ̀ ò tíì dé ayé nígbà náà. Lọ́dún 2024 ni àwọn mìíràn tún kéde pé apá ẹlẹ́gùn-ún Trypanorhyncha kan wà nínú oje igi Myanmar tó ti di òkúta, tó ti tó mílíọ̀nù 99 ọdún. Bí aràn ekurá ṣe dé inú oje igi, ẹ máa bá wọn jiyàn ẹ̀. Kí etíkun wà nítòsí igi náà ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ìtọ́jú ẹranko ló pa àfòmọ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n kó àwọn igún condor tó kù ní California sínú àgò láti sìn wọ́n, wọ́n fi oògùn pa iná, ìyẹn kòkòrò kéékèèké tó ń gbé ara wọn. Iná kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti igún yẹn nìkan. Igún náà ti ń pọ̀ sí i báyìí, iná rẹ̀ ò sí láyé mọ́. Nínú ìwé pupa IUCN, àfòmọ́ tó rí àyè wọ̀ kò tó nǹkan. Iná ara ẹlẹ́dẹ̀ kékeré ti Assam, ní Íńdíà, wà lára díẹ̀ tó ráyè.

Èwo wá ni ṣíṣe? Owó àti èèyàn ni. Láti 1995, NSF ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní PEET, tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ mímọ irú àti fífún un lórúkọ, torí wọ́n rí i pé àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń fẹ̀yìn tì láìsí arọ́pò. Caira jẹ nínú owó yẹn, ó sì fi kọ́ àwọn tó ń ṣe é lónìí. Ètò náà ti kógbá sílé. Yunifásítì tó ń wá olùkọ́ tuntun sábà máa ń fẹ́ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún DNA lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó lè jókòó ti aràn kan fún oṣù mẹ́fà, wọn kì í sáré gbà á. Kò yẹ kí ọ̀kan pa ìkejì lára. DNA láìsí orúkọ ò lè sọ ẹni tó ń gbé inú ẹja, nǹkan tí kò sì lórúkọ, òfin ò lè dáàbò bò ó.

Òfin náà sì ti di ọ̀ràn tirẹ̀. Ẹran tí kò tó èékánná, tí wọ́n gé lára whale shark, nílò ìwé àṣẹ ìlú tó ti ń bọ̀ àti ti ìlú tó ń lọ kó tó lè kọjá ẹnubodè. Aràn inú rẹ̀ ò nílò ìwé CITES kankan, torí kò sí nínú ìwé wọn. Àmọ́ aràn tó dé láìsí ẹran ẹja tó gbé e, báwo ni wọ́n ṣe máa fi DNA jẹ́rìí sí ilé rẹ̀? Àdéhùn náà fàyè gba pàṣípààrọ̀ láàrin ilé ìwádìí tó ti forúkọ sílẹ̀, ìyẹn sì ṣàǹfààní fún mùsíọ́ọ̀mù ńláńlá tó ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀. Ní tèmi o, ọ̀nà tó yá jù ni kí iṣẹ́ náà máa parí níbi tí ẹja ti gúnlẹ̀. Máíkírósíkóòpù wà ní àwọn yunifásítì wa, formalin ò wọ́n, ìfun ekurá sì ń bọ́ sílẹ̀ létíkun ní Èkó, ní Cotonou, ní Lomé. Ẹni tó máa jókòó tì í ni kò tíì pọ̀ tó.